Oṣù tí Ìyá Àgbà Kà

Òórùn òrí gba gbogbo pálọ̀ wa ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ìyá àgbà jókòó lórí ẹní, wọ́n ń fi òrí ra ikùn ìyàwó àbúrò bàbá mi, díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì ń mi orí. "Kí ni ìkánjú àwọn nọ́ọ̀sì yẹn ná?"

Àárọ̀ ọjọ́ náà ni nọ́ọ̀sì sọ fún ìyàwó wa pé ọjọ́ ìkúnlẹ̀ rẹ̀ ti fi ọjọ́ mẹ́wàá kọjá. Ara rẹ̀ le koko, oyún àkọ́kọ́ ni. Wọ́n ní kó padà wá lọ́la kí àwọn fa omi sí i lára, kí ìrọbí lè bẹ̀rẹ̀. Bó bá sì fẹ́ dúró, kó máa yọjú kí àwọn máa gbọ́ bí ọkàn ọmọ ṣe ń lù.

Ìyá àgbà kò gba ìkankan. Wọ́n ti gbẹ̀bí fún ọ̀pọ̀ obìnrin ládùúgbò wa. Ọwọ́ wọn ni wọ́n bí èmi gan-an sí. Ààwẹ̀ ni wọ́n fi ń ka oyún ọdún náà. Ìyàwó tí wọ́n bá rí tó ń jẹun lọ́sàn-án nínú Ràmàdáánì, nǹkan oṣù ló ń ṣe, ibẹ̀ ni wọ́n á ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà. "Ojú mi báyìí ni mo fi rí i tó ń mu ẹ̀kọ fún ọjọ́ márùn-ún," ni wọ́n wí. "Ilé ìwòsàn ló ṣì í kà. Ó ṣì ku bí oṣù kan."

Kì í ṣe nǹkan oṣù. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà, èmi ni mo ń bu omi fún un lẹ́yìn ilé ìdáná nígbà tó ń bì lọ́jọ́ máràárùn-ún yẹn. Oyún ti wà lára rẹ̀ kí ààwẹ̀ tó wọlé. Ojú ló ń tì í láti sọ ọ́ fún ìyá ọkọ. Mo wò ó. Ó wo ilẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni, mà," ló dá ìyá àgbà lóhùn. Èmi náà panu mọ́, ẹ̀rù ìgbátí ń bà mí.

Lọ́jọ́ karùn-ún lẹ́yìn náà, ìyàwó wa ní ọmọ kò mira láti àárọ̀. Kẹ̀kẹ́ la wọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì gbé ẹ̀rọ lé e níkùn, ó tẹ́tí, ó tún tẹ́tí. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó." Omi tí a kọ̀ yẹn náà ni wọ́n padà fi mú ọmọ jáde. Ọkùnrin ni. Ó rẹwà. Kò mí.

Ìyá àgbà kò fọwọ́ kan aboyún mọ́. Nígbà tí wọ́n darúgbó gan-an, mo ń gé èékánná wọn lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n bi mí pé, "Ìwọ wà nílé nígbà yẹn. Ṣé mo ṣì í kà ni?"

"Rárá o, mà. Àmúwá Ọlọ́run ni."

Ìyàwó wa jókòó nítòsí, ó ń ṣa ẹ̀wà, kò gbórí sókè. Àwa méjèèjì kò tíì bá ara wa sọ ọ́ rí, ó sì ń dùn mí. Mo ti bímọ méjì báyìí. Bí nọ́ọ̀sì bá ti bi mí ní ọjọ́ tí mo rí nǹkan oṣù mi kẹ́yìn, mo máa ń sọ ọ́ sókè ketekete, pàápàá bí ìyá ọkọ mi bá wà níbẹ̀.