Ohùn Ìyá Rọ̀kíbátù Nínú Kọ̀ǹpútà

Ẹ bá mi wá ẹni tó rí Rọ̀kíbátù kó jókòó sójú kan rí ní Ẹ̀pẹ́, kí n wò ó. Ọmọ ìyá ẹlẹ́ja ni, ó ń fi kọ̀ǹpútà tẹ ìwé fún àwọn èèyàn ní ṣọ́ọ̀bù tó fara ti tèmi. Bó bá tẹ ìlà méjì, á dìde lọ wo ìta. Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. Èmi sì ni okùn.

Kí ìyá rẹ̀ tó kú lọ́dún 2006, ó gba ohùn ìyá náà sínú kọ̀ǹpútà níbi tó ti ń ki oríkì ìdílé wọn. Kò síbòmíràn tí ohùn náà wà, ìbẹ̀rù pé kọ̀ǹpútà lè bàjẹ́ ò sì jẹ́ kó gbádùn. Àbúrò rẹ̀, Tìrìmísíyù, tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe n'Ìkòròdú, ní kó ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sórí sídíì, kó má sì tọ́jú rẹ̀ síbi tí kọ̀ǹpútà wà. Ó ṣe é, ó gbé e fún Tìrìmísíyù kó bá a tọ́jú rẹ̀. Kò pẹ́ tí ara Rọ̀kíbátù ò gbà á mọ́, ló bá wọkọ̀ gba Agbówà lọ, ó lọ gbà á padà. Inú kọ̀ǹpútà gan-an ló tì í bọ̀, kó lè máa gbọ́ ọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, òjò ṣú. A kì í fi dígí sílẹ̀ láìbò bí àrá bá ń sán, Rọ̀kíbátù sì ka ojú kọ̀ǹpútà kún dígí. Ìborùn ìyá rẹ̀ ló fi bò ó. Èmi náà yìn ín. Kò sẹ́ni tó rántí yọ wáyà iná lára ògiri nínú àwa méjèèjì. Àrá sán, èéfín bẹ̀rẹ̀ sí í rú lábẹ́ ìborùn. Kọ̀ǹpútà jóná, sídíì yọ́ sínú rẹ̀.

Ó sunkún, ó rìn yíká ṣọ́ọ̀bù, ó tún sunkún. Ó dùn mí wọra. Èmi ni mo tẹ̀ lé e dé Ìkòròdú. Orí ìdúró ló wà tó fi rojọ́ fún àbúrò rẹ̀, ó ń lọ, ó ń bọ̀ nínú pálọ̀.

Tìrìmísíyù ò bínú. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, mo mọ̀ yín. Kí n tó fún yín ní sídíì yẹn, mo ti ṣe òmíràn pamọ́."

Ó gbé e jáde, ó fi sínú kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Ìyá bẹ̀rẹ̀ oríkì. Kò tíì lọ jìnnà tí ìyá fúnra rẹ̀ fi dá oríkì dúró, tí ohùn rẹ̀ sì sọ nínú kọ̀ǹpútà pé:

"Rọ̀kíbátù, fìdí kalẹ̀ ná. Ibo lò ń sáré lọ?"

Rọ̀kíbátù fìdí kalẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀. Kò dìde títí ìyá rẹ̀ fi kì í tán.