Wọ́n Ní Ọmọ Já Bọ́ Lẹ́yìn Mi

Ẹ ò tíì mọ ooru bí ẹ ò bá tíì wọṣọ fún ọmọ oṣù méjì tí símẹ́ńtì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, ní Minna, kí àkọ́rọ̀ òjò tó dé. Láti inú oyún ni ẹsẹ̀ àkọ́bí mi ti yí sínú. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń bá wa nà án díẹ̀díẹ̀ nílé ìwòsàn, tí wọ́n á sì fi símẹ́ńtì funfun, irú èyí tí wọ́n fi ń di egungun tó bá kán, dì í láti ọmọ ìka dé itan. Ṣòkòtò kankan ò gba orí símẹ́ńtì náà kọjá. Mo tú ojú rírán gbogbo aṣọ tí mo ti rà sílẹ̀ dè é, mo so okùn mọ́ wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Nígbà tí ara rẹ̀ sú wìnnìwìnnì, mo gé síńgílẹ́ẹ̀tì bàbá rẹ̀ méjì, ìyẹn ló ń wọ̀. Omi ò gbọdọ̀ kan símẹ́ńtì, aṣọ tí mo rẹ sómi ni mo fi ń nù ún láyà àti lẹ́yìn. Bí mo bá pọ̀n ọ́n, ẹ̀yìn mi a gbóná bí ẹni gbé ìkòkò ọbẹ̀.

Akọ̀wé ìjọba ni ọkọ mi. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ Minna di olú-ìlú ìpínlẹ̀ ni, ilé tí a ń gbé ní Fadikpe ò tíì rí ọ̀dà. Ìyàwó ọ̀gá rẹ̀, ará Ìlọrin, wá kí mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó mú ọ̀já tuntun lọ́wọ́.

“Sannu, ìyá ọmọ,” ó ní. “Má jẹ́ kójú tì ẹ́. Ọkọ ẹ ti ṣàlàyé fún wa bọ́mọ ṣe já bọ́ lẹ́yìn ẹ tẹ́sẹ̀ ẹ̀ fi kán. Ọ̀já tó ti gbó ló ń fà á. Gba èyí.”

Mo gbà á, mo tilẹ̀ kúnlẹ̀ dúpẹ́. Ìgbà náà ló tó yé mi ìdí tí àwọn obìnrin àdúgbò ò fi jẹ́ kí n bá wọn gbé ọmọ wọn mọ́.

Nígbà tí ọkọ mi ti ibi iṣẹ́ dé, kò sẹ́.

“Tí mo bá ní bẹ́ẹ̀ la ṣe bí i, ìdílé wa ni wọ́n máa nàka sí,” ó ní. “Àwọn àbúrò mi obìnrin mẹ́ta ṣì wà nílé. Ta ló máa fẹ́ wọn? Ìwọ, wọ́n á bá ẹ kẹ́dùn, ó tán.”

Ó dùn mí wọnú eegun. Ẹni a ní kó fẹ́ni lójú, ó ti fata sẹ́nu. Ó mọ bí mo ṣe ń tọ́jú ọmọ náà, síbẹ̀ orúkọ mi ló fi bo ti ìdílé rẹ̀.

Mo ní ó ku ẹnì kan. Nígbà tí ìyá mi dé láti Ògbómọ̀ṣọ́, kò tíì mu omi tán tí mo fi ro gbogbo rẹ̀ fún un. Ó gbọ́ mi dópin.

“Ọkọ ẹ ti kọ lẹ́tà sí mi, ó ti sọ bọ́mọ ṣe já bọ́,” ó ní. “Ó ti ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó jù ẹ́ lọ, ọmọ mi. Irọ́ pípa ni ò dáa.”

Mo ní kó dúró dọjọ́ tí wọ́n máa pààrọ̀ símẹ́ńtì, kó fojú ara rẹ̀ rí ẹsẹ̀ náà. Ó dúró. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tọ́ tán nígbà náà.

“O ò rí i bí,” ìyá mi wí, “ó ti ń jinná.”

Mo tún bí ọmọ mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀. Títí ìyá mi fi kú, kò sí ọ̀kan tí mo pọ̀n níṣojú rẹ̀ tí ìyá mi ò fọwọ́ di ìdí ọmọ mú títí mo fi so ọ̀já tán.