Ọ̀gá Ọlọ́pàá Jẹ Búrẹ́dì Bàbá Ọkọ Mi

Ọmọ mi Lamísì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jókòó nígbà yẹn ni, eyín méjì péré ló ní, ẹ bá rí ẹ̀rín ẹ̀! Ẹ má dá mi lóhùn jàre, ọ̀rọ̀ bàbá ọkọ mi, Abu Díyábù, ni mo fẹ́ sọ. Àgbẹ̀ àlìkámà ni, nísàlẹ̀ òkè Gálílì. Látìgbà baba ńlá wọn ni wọ́n ti ń dáko sórí ilẹ̀ yẹn. Àmọ́ orúkọ olówó kan ní Bèrútù ló wà lórí ìwé ilẹ̀ náà, torí láyé ìjọba Tọ́kì, ẹ̀rù pé wọ́n á mú wọn ṣe ṣọ́jà ò jẹ́ káwọn àgbà forúkọ ara wọn sílẹ̀. Olówó yẹn ti wá tà á fáwọn Júù, Gẹ̀ẹ́sì tó ń jọba lé wa lórí sì ní ká kó jáde.

Lọ́jọ́ tí ọ̀gá ọlọ́pàá òyìnbó ń bọ̀, Baba ní kí n yan búrẹ́dì.

"Ìyá Lamísì, fiyọ̀ sí i dáadáa o. Ẹni tó bá jẹ iyọ̀ mi ò lè lé mi."

Ọkọ mi rẹ́rìn-ín. "Baba, ṣé òyìnbó mọ̀yẹn?"

"Ṣé òun kì í ṣọmọ èèyàn ni?"

Òyìnbó dé, ó jókòó, ó sì jẹ ẹ́! Ó fi búrẹ́dì nu òróró ólífì inú àwo, ó tún ní ká bu sí i. Inú mi dùn débi pé mo gbé Lamísì jó. Nísímù, Júù ará Tìbéríà tó bá a wá gba ilẹ̀ náà, tó ń sọ èdè Lárúbáwá wa bí ọmọ ilé, ni ò fọwọ́ kàn án.

"Nísímù, àbí ebi ò pa ẹ́ ni?" Baba bi í.

Ó wolẹ̀. "Ebi ń pa mí, Abu Díyábù. Àmọ́ tí mo bá jẹ ẹ́, mi ò ní lè ṣe ohun tó gbé mi wá. Àwọn èèyàn wa tí wọ́n lé kúrò ní Jámánì wà nínú àgọ́, wọn ò ríbi lọ."

"Èmi ńkọ́? Ibo ni mò ń lọ?"

Òyìnbó nu ẹnu, ó ní búrẹ́dì mi dùn, ó wá ní ká ti kó tán kí oòrùn tó wọ̀.

Ọkọ mi àtàwọn àbúrò ẹ̀ fa kùmọ̀ yọ. Àfi bí Baba ṣe dìde dúró síwájú òyìnbó.

"Ẹ ju kùmọ̀ yẹn sílẹ̀!"

"Baba, ẹni tó ń lé wa yìí?"

"Ó ti jẹ iyọ̀ mi. Àlejò mi ni. Ẹni tó bá fọwọ́ kàn án kì í ṣọmọ mi mọ́."

Wọ́n ju kùmọ̀ sílẹ̀. Baba fúnra ẹ̀ sin òyìnbó dé ìdí ẹṣin ẹ̀, bá a ṣe ń sin àlejò. Ó padà wọlé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká ẹní.