Ọmọ Ìyá Ẹlẹ́ja Lórí Ẹṣin Amẹ́ríkà

Ẹja díndín ni àgbàlá wa ní àdúgbò Adewui máa ń rùn nígbà náà, òórùn tó ń wọ aṣọ, tó ń wọ ibùsùn, tí ọṣẹ kì í lè lé lọ. Ìyá kan tó wá láti Àjàṣẹ́, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Ẹlẹ́ja, ló ń dín in lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà. Ọmọkùnrin kan ṣoṣo tó bí ti bá ọkọ̀ òkun lọ láti ọdún mẹ́ta, kò sì fi lẹ́tà ránṣẹ́ rí.

Èmi náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ojú òkun dé. Abọ́ ni mo ń fọ̀ nínú ọkọ̀, ṣùgbọ́n bó o bá gbọ́ ìròyìn mi, ọ̀rẹ́, wàá ní èmi ni mo wà á. Ọjọ́ mẹ́rin péré la lò ní èbúté Amẹ́ríkà. Ìta ni mo dúró sí nínú òtútù tí mo ti wo tẹlifísọ̀n wọn, láti ojú gíláàsì ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tà á. N kò gbọ́ ohùn kankan. Ìyẹn ò dí mi lọ́wọ́. Ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni mo ń pín ọ̀sẹ̀ wọn fún àgbàlá bí ẹní pín ẹran: ọjọ́ Ajé, àwọn onífìlà fẹ̀ǹfẹ̀ tó ń gun ẹṣin yìnbọn, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, dókítà arẹwà tí aláìsàn rẹ̀ kì í kú, Ọjọ́rú, bàbá ọlọ́mọ méjì tó máa ń ré lulẹ̀ lórí àga. Mo ní bí ìbọn bá ti fẹ́ dún báyìí, wọ́n á dá a dúró kí obìnrin kan kọ́kọ́ polówó ọṣẹ. Mo fi èdè Mina tí à ń sọ ládùúgbò wa sẹ́nu àwọn agẹṣin, mo fi Faransé sẹ́nu ọlọ́pàá wọn. Àgbàlá á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni Ìyá Ẹlẹ́ja gbé ṣíbí ẹja sílẹ̀. “Ọmọ mi, nínú gbogbo àwọn tó o rí nínú àpótí yẹn, o ò rí tèmi?”

Òótọ́ tó rọrùn wà nílẹ̀ tí mo lè sọ: ní gbogbo wákàtí tí mo fi dúró níbẹ̀, n kò rí aláwọ̀ dúdú kankan, àfi ẹnì kan tó gbé àwo oúnjẹ wọlé tó sì tún jáde. Ṣùgbọ́n ẹnu mi ti gbóná.

“Mo rí i o, Màmá! Ẹṣin funfun ló gùn. Ó tiẹ̀ juwọ́!”

Ó pín ẹja ọ̀fẹ́ kárí. Orí tó tóbi jù ló fi sí àwo mi. Mo jẹ ẹ́.

Òjò ọdún yẹn ò tíì dá tí atukọ̀ kan fi wọlé wá, ó mú aṣọ funfun kékeré tí wọ́n dì dání. Ìwọ náà mọ àṣà wa: ẹni tó kú sí àjò, tí òkú rẹ̀ ò ṣeé gbé wálé, èékánná àti irun rẹ̀ là ń gbé wálé sin. Ó ní ibà ló pa ọmọ náà nínú ọkọ̀, kí ọkọ̀ tèmi tó ṣí rárá.

Ìyá Ẹlẹ́ja ò fọwọ́ kàn án. “Gbé e kúrò níwájú mi! Ọmọ mi ń bẹ lórí ẹṣin l’Amẹ́ríkà. Ẹni tó rí i rè é. Sọ fún un!”

Atukọ̀ náà wò mí. Òun náà ti dé Amẹ́ríkà. “Ẹ̀gbọ́n, aláwọ̀ dúdú lórí ẹṣin, nínú tẹlifísọ̀n wọn? Ṣé tòótọ́?”

Ojú ń tì mí, síbẹ̀ mo dá a lóhùn pé, “Ìwọ ni o ò wò ó dáadáa.”

Kò bá mi jà. Ó kàn gbé aṣọ náà lé mi lọ́wọ́. “Ó dáa. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rí i láàyè, ẹ máa bá wa tọ́jú rẹ̀.”

Ọdún mọ́kànlá ni ìyá yẹn tún lò láyé. Nígbà mìíràn á ní kí n tún ròyìn fìlà tí ọmọ òun dé, èmi náà á sì fi ìyẹ́ ẹyẹ kún un. Nígbà tó kú, mo ki aṣọ náà síbi ẹsẹ̀ rẹ̀ kí wọ́n tó da yẹ̀pẹ̀ bò ó. Àwọn èèyàn rò pé ẹ̀bùn ìdágbére ni.

Àdúgbò Djidjolé ni mò ń gbé báyìí. Àwọn ọmọ-ọmọ mi á ní, “Papi, sọ ti Amẹ́ríkà fún wa,” màá sì parọ́ fún wọn dáadáa, kí n má tàn ọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá bi mí bóyá mo rí èèyàn òun níbì kan, n kò rí i ni mo máa ń sọ. Mo rò nígbà náà pé ayọ̀ ni mo fún ìyá yẹn. Ẹkún rẹ̀ ni mo gbà. Ó bímọ, ọmọ kú, kò sì sọkún rẹ̀ títí òun náà fi lọ. Ẹkún náà wà lọ́wọ́ mi, kò sì sẹ́ni tí mo lè dá a padà fún.