Ẹ́ńjìnnì Oní-púlọ́ọ̀gì Mẹ́fà

Nígbà tí mo ṣì kéré débi pé orí itan ìyá mi ni mò ń jókòó sí nínú mọ́tò, bàbá mi, tí í ṣe olùkọ́ ní Ìbàdàn, ra ọkọ̀ eré àlòkù kan tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe. Ẹni méjì péré ló ń gbà, kò sì ní òrùlé gidi. Ẹ má rẹ́rìn-ín o, ẹ̀yin ọmọ Atlanta tí ẹnì kan ṣoṣo ń dá wa jíìpù oníjókòó méje.

Oríṣi ẹ́ńjìnnì méjì ni wọ́n ń fi sí irú ọkọ̀ yẹn. Ẹni tó fẹ́ jẹ́jẹ́ a gba oní-púlọ́ọ̀gì mẹ́rin, ẹni tó fẹ́ràn eré a gba oní-mẹ́fà. Oní-mẹ́rin ni tiwa. Ó máa ń rọra lọ bí ẹni tó jẹun yó, ṣùgbọ́n kò já wa kulẹ̀ rí.

Mẹkáníìkì wa fi ọdún mẹ́ta ju bàbá mi lọ, ẹ̀gbọ́n ni bàbá mi sì ń pè é. Lọ́jọ́ kan ó rí ẹ́ńjìnnì oní-mẹ́fà yọ lára ọkọ̀ tó ti bàjẹ́, ó ní òun yóò fi sí tiwa. Bàbá mi ti kà á nínú ìwé ọkọ̀ náà pé oní-mẹ́fà wúwo, pé sípíríìngì iwájú àti bíréèkì tirẹ̀ yàtọ̀. Kò sọ ọ́. Ta ni yóò wo ojú ẹ̀gbọ́n kó ní kò mọ iṣẹ́ rẹ̀? Ó kàn dúpẹ́ ni.

Lọ́jọ́ kẹta tó fi ẹ́ńjìnnì náà sí i tán, a ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè kan, ọkọ̀ tẹ imú mọ́lẹ̀, bíréèkì kò sì lè dá a dúró. Inú gọ́tà la bá ara wa. Ìyá mi fi apá dáàbò bò mí, apá náà sì kán. Kò nà tán mọ́ títí ìyá mi fi kú. Kí n má parọ́, inú bàbá mi ṣì máa ń bí mi nígbà mìíràn. Nígbà tí mẹkáníìkì gbọ́ ohun tó wà nínú ìwé, ó jókòó sílẹ̀, ó ń sunkún.

Ó ní, “Àbúrò, o mọ̀, o ò sì sọ fún mi?”



Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, nínú gáréèjì ọmọ mi ní Stone Mountain níbí, òun náà ń tún irú ọkọ̀ yẹn ṣe. Ó ní òun fẹ́ yọ oní-mẹ́rin, kí òun fi oní-mẹ́fà tí ọ̀rẹ́ òun kan ní sí i. Ọmọbìnrin rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, gbé ojú kúrò lórí fóònù.

Ó ní, “Daddy, ẹ ò lè ṣe bẹ́ẹ̀ o. Engine yẹn ti heavy jù. Ẹ máa kọ́kọ́ change springs àti brakes.”

Ojú ọmọ mi le. Ó wò mí pé kí n bá òun bá ọmọ wí, torí ọ̀dọ̀ mi ló ti kọ́ pé ọmọdé kì í tọ́ àgbà sọ́nà.

Láyé ìgbà tiwa, a máa ń ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ẹnu lásán la fi ń sọ ọ́. Bí ọmọdé bá lanu, a ó ní kó pa á dé. Ayé ti yí. Àwọn ọmọ ibí kì í kúnlẹ̀ tó bó ṣe wù mí, ohùn Yorùbá sì ń yẹ̀ lẹ́nu wọn, ó ń dùn mí. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n bá mọ̀ kì í kú sí wọn nínú.

Mo ní kí ọmọ náà sún mọ́ bàbá rẹ̀, kó tún un sọ, kó sì sọ ọ́ sókè.