Ìwé Ẹrù Tí Adéyínká Buwọ́ Lù

Ẹ bá mi wo Adéyínká, ọmọbìnrin Abẹ́òkúta tó ń gbé Crumpsall nílùú ọba, tó ń ṣiṣẹ́ ní Swinton nítòsí ibẹ̀. Ilé iṣẹ́ kékeré kan ni, wọ́n ń ṣe awò tí drone fi ń ríran nínú òkùnkùn. Òun ló ń tọ́jú ìwé ẹrù tó ń lọ sókè òkun. Tẹ́lẹ̀, ẹrù kan kì í jáde láìgba lìsẹ́ǹsì tirẹ̀ lọ́wọ́ ìjọba. Ó lè gba oṣù méjì gbáko, gbogbo ọ́fíìsì á máa kùn.

Iṣẹ́ náà mọ́ ọn lọ́wọ́. Bó bá pe oníbàárà, kì í tètè béèrè nǹkan kan. Á kí i, á kí ìyàwó, á kí ọmọ, á béèrè òjò. Àwọn òyìnbó á máa fi ṣe yẹ̀yẹ́. Kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín lọ! Ẹni tí a bá kí dáadáa á tú ọ̀rọ̀ sílẹ̀, á sọ ibi tí ẹrù ń lọ gan-an. Ohun yòówù kí wọ́n sọ, Adéyínká á kọ ọ́ sínú fáìlì, pẹ̀lú ọjọ́ àti orúkọ ẹni tó sọ ọ́.

Òfin tuntun wá dé. Ìjọba ní ẹrù tó bá ń lọ sí orílẹ̀-èdè ọ̀rẹ́ kò nílò lìsẹ́ǹsì kọ̀ọ̀kan mọ́. Kí ẹnì kan ṣáà buwọ́ lù ú pé òun ti yẹ̀ ẹ́ wò. Inú àwọn ará ọ́fíìsì dùn, wọ́n ra kéèkì. Adéyínká kò lè jẹ tirẹ̀ tán, torí òun ni ẹnì kan yẹn. Bí nǹkan bá yíwọ́, òun lẹjọ́ máa bá. Iṣẹ́ yìí ló sì gbé físà òun, ọkọ rẹ̀ àti ọmọ wọn dúró.

Kò pẹ́ tí oníbàárà kan ní orílẹ̀-èdè ọ̀rẹ́, tó máa ń ra ogójì awò, fi béèrè ẹgbẹ̀ta. Adéyínká pè. Ó kí ọkùnrin tó gbé fóònù títí onítọ̀hún fi ń rẹ́rìn-ín. Ó wá béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ fi ẹgbẹ̀ta ṣe. Ọkùnrin náà ní, àwa kẹ̀? Ilé ìkẹ́rùsí lásán ni wá. Bó bá ti dé, ọkọ̀ òkun mìíràn ló máa wá kó o. Níbo ló ń gbé e lọ? Ó ní wọn kì í sọ fún òun.

Adéyínká lọ bá Akíndèjì, ọ̀gá àwọn tó ń kó ẹrù jáde, Yorùbá bíi tirẹ̀, díákónì ní ìjọ wọn. Òun ló bá a wá iṣẹ́ náà; òun ló dúró bíi bàbá lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀.

"Dádì, ẹ̀rù ń bà mí. Ẹrù yìí ò dúró sílẹ̀ ọ̀rẹ́ o."

"Ta ló ní kó o pè wọ́n? Ìjọba ní ọ̀rẹ́ ni wọ́n. Ṣé ìwọ lo mọ̀ jùjọba lọ ni?"

"Rárá o, sà. Ṣùgbọ́n..."

"Ohun tí àgbà bá rí lórí ìjókòó, bọ́mọdé gun igi ọ̀pẹ, kò lè rí i. Buwọ́ lù ú. Bó bá di ọ̀rọ̀, ṣé mi ò sí ńbí ni?"

Ó gbọ́wọ́ lé e lórí, ó gbàdúrà. Adéyínká ṣe àmín, ó buwọ́ lù ú.

Nígbà tó padà sídìí tábìlì rẹ̀, ó ṣí fáìlì. Ó kọ ọjọ́. Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Báwo lèèyàn ṣe fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ sílẹ̀, bí ẹni ń kó ẹjọ́ jọ dè é? Ó pa ọjọ́ náà rẹ́, ó pa fáìlì dé. Háà, ọmọlúàbí, ìwà rere yìí máa ń pani o!

Ẹrù lọ. Lọ́sẹ̀ kejì, ó tún pe nọ́ńbà ilé ìkẹ́rùsí yẹn. Kò lọ mọ́. Láti ọjọ́ yẹn ni oorun ti ń dá mọ́ ọn lójú.

Lóṣù kẹrin lẹ́yìn náà ni obìnrin kan dé láti ọ̀dọ̀ ìjọba. Ó gbé fọ́tò sórí tábìlì: àfọ́kù drone tó jóná, awò wọn nínú rẹ̀, ní ìlú tí ilé iṣẹ́ náà kò tà fún rí. Ó ní orí ilé táwọn èèyàn ń gbé ló já lé.

"Ta ló ní kó o buwọ́ lù ú?"

Akíndèjì jókòó tì wọ́n. Adéyínká wojú rẹ̀, ó ń retí kí bàbá fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀, torí kò lè fẹnu ara rẹ̀ fi í sùn.

Bàbá sọ̀rọ̀ lóòótọ́. "Òun ló ń bójú tó ìwé," ló wí fún obìnrin náà. "Mi ò rí eléyìí rí."

Wọ́n tú fáìlì délẹ̀. Orúkọ Akíndèjì ò sí níbẹ̀. Lọ́jọ́ náà ni wọ́n gba káàdì ọ́fíìsì lọ́wọ́ Adéyínká, wọ́n ní kó máa lọ sílé, kó má sì kúrò nílùú.

Akíndèjì sìn ín dẹ́nu ọ̀nà. "Má bínú, ọmọ mi," ló rọra sọ. "Èmi náà ní ilé tí mò ń gbọ́ bùkátà rẹ̀. Mà á máa fi ẹ́ sádùúrà."

Kí Adéyínká tó mọ ohun tó ń ṣe, eékún rẹ̀ ti kanlẹ̀.

"Ẹ ṣé, sà," ló wí.