Sidikatou Onílàálì Kò Gbà Láti Po Dáì

Ẹ bi obìnrin yòówù ní àdúgbò Treichville ẹni tó mọ làálì í lé, Sidikatou ni yóò dárúkọ. Ọwọ́ rẹ̀ yá, ọwọ́ rẹ̀ mọ́, àmọ́ olórí kunkun ni! Ewé làálì gidi nìkan ló ń pò. Kò jẹ́ fi dáì irun kún un kó lè dúdú, torí ó ti rí ọwọ́ tí irú dáì bẹ́ẹ̀ bó bíi pé ó wọ epo gbígbóná.

Nígbà tí Hàjíà Rokia mú ọmọ rẹ̀, Kàúsárà, wá lé làálì ìyàwó, inú Sidikatou dùn. Ibi tí Hàjíà bá tọ́ka sí ni àwọn obìnrin Ògbómọ̀ṣọ́ tó wà ní Adjamé ń lọ.

"Dúdú bí kóró iṣin ni mo fẹ́," ni Hàjíà wí. "Pupa kì í hàn nínú fọ́tò."

Sidikatou bi ìyàwó bóyá ó ti lé dúdú rí.

"Oui, Tantie, mo lé e nígbà Ìtúnu Ààwẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ mi yún mi, ó yún mi!"

Hàjíà bú sẹ́rìn-ín. "Gbogbo ilé ní owó ń bọ̀. A tiẹ̀ ṣe àmín!"

Sidikatou di ọwọ́ Kàúsárà mú. "Owó kọ́ o, Hàjíà! Ara rẹ̀ ló ń kọ dáì. Bó bá tún kàn án, yóò wú, yóò lé ròrò. Ẹ má bínú, mi ò ní lé dúdú fún un."

"Ìwọ? Kò sí ará ilé mi tó máa tẹ ẹnu ọ̀nà rẹ mọ́!"

Ọ̀rọ̀ náà dun Sidikatou dé egungun. Ta ni kò mọ iyì oníbàárà? Síbẹ̀, kò yí ohùn padà. Kàúsárà wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó jókòó sórí ẹní. "Maman, mo dúró. Kí wọ́n lé pupa fún mi." Hàjíà pòṣé, ó gba ọ̀dọ̀ àwọn onílàálì ọjà Roxy lọ, ó ní kí wọ́n lé dúdú fún òun alára.

Lọ́jọ́ yìgì, ọwọ́ Kàúsárà pupa fòò, ó jọ̀lọ̀. Ti ìyá rẹ̀ wú, ó lé ròrò. Dókítà ti fi báńdéèjì dì í. Àlejò ń jẹun, Hàjíà kò lè mú ṣíbí, ojú sì ń tì í láti sọ.

Sidikatou, tí Kàúsárà pè wá, rí i. Ó bu ìrẹsì, ó lọ jókòó tì í.

Hàjíà gbójú sílẹ̀. "Sidi, o ò tiẹ̀ ní bú mi?"

"Hàjíà, ẹ lanu. Ìrẹsì ń tutù."